Òdòdó Etí Panqara

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye taruka tó wà lórí òkè Wilakollu, kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ lágara. Ilé Toribia Humire ni kó lọ. Ilé náà ló gbẹ̀yìn pátápátá lápá òkè nínú abúlé Pachalla. Tí èèyàn bá ti kọjá ògiri rẹ̀, àwọn pèpéle olókùúta tí àwọn baba ńlá wa mọ fún oko ló kù, lẹ́yìn wọn àwọn igi tó lọ́ kọ́rọdọ, lẹ́yìn igi àpáta. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, obìnrin yìí á tẹjú mọ́ ibi tí ẹlòmíràn ò rí ju òkúta lọ, á ní, "Mẹ́fà ni wọ́n lónìí. Baba wọn ò tíì dé."

Fidel Tarque, ẹ̀ṣọ́ ẹranko tí ìjọba ń rán wá láti Putre lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti kà wọ́n, kò kọ́kọ́ gbà. Lọ́dún tó kọ́kọ́ wá, ó fi ọjọ́ mẹ́ta pọ́n àpáta pẹ̀lú awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ètè rẹ̀ bó, bàtà rẹ̀ la ẹnu, ó wá padà dé, ó ní mẹ́jọ ni. Toribia ní mẹ́sàn-án ni. Ẹnu àríyànjiyàn yẹn ni wọ́n wà tí ìkẹsàn-án fi dìde nílẹ̀ lẹ́yìn òkúta kan tí Fidel fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn tì jẹun lánàá. Láti ọjọ́ náà, ilé ìdáná Toribia ni ọkùnrin náà ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba.

Kò sí ẹranko tó mọ bí wọ́n ṣe ń di òkúta tó taruka. Àgbọ̀nrín ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbọ̀nrín ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí í máa fò nínú igbó kìjikìji. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, irun rẹ̀ nípọn, àwọ̀ rẹ̀ àti ti àpáta ò sì yàtọ̀. Akọ ní ìlà dúdú lójú bí ẹni kọlà, ìwo rẹ̀ sì pín sí ẹ̀ka méjì méjì. Ìwo ọ̀hún kì í bá a dalẹ́ bí ti màlúù: ọdọọdún ló ń já bọ́, ọdọọdún ni òmíràn ń hù. Tí ẹ̀rù bá bà á, kì í kọ́kọ́ sá. Á dúró gbagidi, á máa wò ọ́, ìwọ náà á máa wò ó, títí wàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì bóyá o tilẹ̀ rí nǹkan kan. Ìgbà tó bá sì wá sá, òkè ló ń sá lọ, kì í sá lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Toribia fẹ́ràn ìyẹn nínú wọn ju ohun gbogbo lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Arica létí òkun láti ìgbà tí baba wọn ti kú, wọ́n sì ń pè é lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé kó wá bá àwọn.

"Ìyá àgbà ni í ṣáájú wọn," ló máa ń sọ fún Fidel. "Kì í ṣe akọ. Akọ kàn ń ru igi kiri lórí ni."

"Mama Toribia, ẹ rọra bú wa."

"Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ẹran ni mò ń sọ. Tó bá bá ọ mu, ọ̀rọ̀ tìẹ nìyẹn."

Fidel, tó ti rin orílẹ̀-èdè náà já, náà á wá sọ tirẹ̀. Á ní taruka ní ẹ̀gbọ́n kan ní gúúsù lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti ń já bọ́ sínú òkun, huemul ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n yà sára èdìdì ìjọba. Á ní ó tún ní àbúrò kan nínú igbó olójò níbẹ̀, pudu, tí kò ga ju ajá kékeré lọ. Á ní lápá àríwá, ní àwọn ilẹ̀ olóoru, ìbátan wọn kan wà tó ń na ìrù funfun sókè bí àsíá tó bá ń sá.

"Èyí tí wọ́n yà sára èdìdì yẹn," Toribia á bi í, "ṣé ó tíì wá kí wa rí?"

"Rárá o, Mama Toribia."

"Kó máa jókòó síbẹ̀. Èyí tó ń wá kí wa la mọ̀."

Ní tiwa, a kì í pe taruka ní ẹran igbó. Ẹran ọ̀sìn ni. Mallku, ẹ̀mí baba tó ni òkè, ló ń sìn ín. Bí Toribia ṣe ní láma, bẹ́ẹ̀ ni Mallku ní taruka. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni ajá rẹ̀, púmà ni ológbò rẹ̀, igún ńlá ni adìẹ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ti mọ èyí ní Pachalla. Ìdí nìyí tí ohun tí Toribia ṣe lọ́jọ́ Kàníválì kan fi jẹ́ àṣìṣe tí àlejò ò lè ṣe, tí ọmọ ilẹ̀ yìí ò sì gbọdọ̀ ṣe.

Kàníválì ni ìgbà tí à ń fi òdòdó sí ẹran létí. Irun láma tí a ran, tí a pa láró, tí a sì so pọ̀ ni òdòdó náà. Abẹ́rẹ́ la fi ń kì í bọ etí ẹran, á wá máa mì dirodiro níbẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Pupa àti àwọ̀ ewé ni ti ilé Toribia. Etí tí pupa àti ewé bá wà, kò sí ẹni tí í béèrè olówó rẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe ẹ̀yìn ààlà ní Bolivia ló ti lọ jẹko.

Lówùúrọ̀ Kàníválì ọ̀hún, àwọn ajá aláìnílé tí àwọn awakọ̀ ń já sílẹ̀ lójú títì lé abo taruka kan títí ó fi já bọ́ láti orí àpáta. Toribia ló bá òkú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọmú rẹ̀, ó kún fún wàrà. Ó mọ̀ pé ọmọ wà níbì kan. Ọmọ taruka kì í ké, kì í sì í rùn, ibi tí ìyá rẹ̀ bá ní kó dùbúlẹ̀ sí náà ló máa wà títí ìyá yóò fi padà dé. Toribia fi wákàtí méjì wá a láàárín òkúta. Ìgbà tó máa rí i, díẹ̀ ló kù kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n wálé nínú aṣọ ìpọ̀n tó fi pọn ọmọ mẹ́rin.

Ilé ti kún fún àlejò. Láma méjìlélọ́gbọ̀n ló ń dúró de òdòdó. Toribia ti mu ife chicha mélòó kan, inú rẹ̀ dùn nítorí ọjọ́ náà, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ nítorí abo tó kú, inú dídùn àti inú bíbàjẹ́ tó bá pàdé ọtí kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́ràn. Ìgbà tí láma tán, òdòdó kan ṣẹ́ kù, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ taruka sì wà lórí itan rẹ̀.

"Kumare, ẹran ẹlẹ́ran nìyẹn o!" Nieves Imaña ló pariwo. Àbúrò obìnrin ọkọ Toribia olóògbé ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í fi ẹnu pamọ́, kumare, ìyẹn ọ̀rẹ́ mi, ló sì máa ń pè é.

"Ta ló máa mọ̀?"

Nieves fi ẹnu júwe òkè Wilakollu. "Ẹni tó ni ín ń wò ẹ́."

"Kó wá gbà á nígbà náà. Kó sì mú wàrà tí màá fún un dání."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Toribia ki òdòdó bọ etí òsì rẹ̀, ó sì so ó ní kókó tó máa ń so ó, tí kì í tú. Ó sọ ọmọ náà ní Panqara, èyí tó jẹ́ òdòdó lédè wa. Lọ́jọ́ kejì tí ọtí dá lójú rẹ̀, ó rí ohun tó ṣe. Ó ti fi àmì ilé ara rẹ̀ sí ẹran Mallku. Tí èèyàn bá ṣe é fún aládùúgbò, olè là ń pè é.

Oṣù mẹ́jọ ló fi wàrà ewúrẹ́ tọ́ Panqara. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, taruka márùn-ún dúró sí etí pèpéle, ìyá àgbà wọn tí etí rẹ̀ ya ló ṣáájú. Panqara rìn lọ bá wọn. Kò wẹ̀yìn. Toribia sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà, nítorí òkè ni ọmọ náà gbà lọ.

Ọdún méjì kọjá. Òjò wá kọ̀, kò rọ̀ lóṣù kìíní, kò rọ̀ lóṣù kejì, nígbà tó sì máa di oṣù kẹjọ, koríko òkè ti di eruku. Àwọn taruka tí í máa dúró sí etí pèpéle wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní kùtùkùtù. Ìyá àgbà ló ń mú wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dé ibi ògiri, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Panqara á sì bọ́ síwájú. Panqara ò bẹ̀rù èèyàn. Ó mọ ibi tí ògiri ti wó, ó sì mọ oko ẹni tí àlífáfà rẹ̀ tutù jù.

Oko Don Celedonio Zarzuri ni. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ń kẹ́ koríko àlífáfà rẹ̀ bí ẹni ń kẹ́ ìyàwó. Lówùúrọ̀ ọjọ́bọ̀ kan ó kan ilẹ̀kùn Toribia, ajá ńlá méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Arica wà lọ́wọ́ rẹ̀ lókùn.

"Doña Toribia, ẹ káàárọ̀. Ẹran yín wà nínú àlífáfà mi."

"Ẹ káàárọ̀, Don Celedonio. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka láma mi tán. Wọ́n pé."

"Ta ló ń sọ ti láma?" Ó la àtẹ́lẹwọ́. Fọ́nrán irun kan ló wà níbẹ̀, pupa pẹ̀lú ewé. "Ara ẹ̀gún ògiri mi ni mo ti já a. Àbí ojú ti ń dà mí?"

"Taruka ni, Don Celedonio."

"Mo mọ̀ pé taruka ni! Àádọ́rin ọdún tí mo ti wà lókè yìí, taruka tí mo mọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ sétí bí ẹni ń lọ ìgbéyàwó. Mẹ́fà ni wọ́n. Pèpéle méjì ni wọ́n ti jẹ tán, ìkẹta ni wọ́n wà yìí. Ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Tí wọ́n bá ní olówó, kí olówó wọn wá sọ̀rọ̀. Tí wọn ò bá ní, àwọn ajá tèmi yìí ò mọ̀wé, wọn ò ní béèrè ìwé kí wọ́n tó lé wọn."

Ó lọ. Toribia ti ilẹ̀kùn. Ó mọ òfin abúlé bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀: ẹni tó ni ẹran tó ṣáájú agbo wọ oko olóko ló máa fi omi san án. Omi kì í ṣe ohun ṣeréṣeré níbí. Odò kékeré kan ṣoṣo ló wà, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ omi tirẹ̀, ọjọ́ kan nínú mọ́kànlá, tí yóò darí kòtò omi sí oko rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lọ́dún ọ̀dá, ẹni tó pàdánù ọjọ́ omi rẹ̀ ti pàdánù oko nìyẹn. Ẹni tó pàdánù oko, Arica ló kù fún un. Tó bá sì sẹ́ Panqara, omi rẹ̀ wà fún un, ajá á sì lé ọmọ bí wọ́n ṣe lé ìyá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ó gun òkè lọ sí ibi tó ti rí ọmọ náà lọ́jọ́ kìíní, ó mú ewé coca àti ìgò ọtí kékeré dání. Ó ta ọtí sílẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ó ta á ní ọwọ́ òsì.

"Bàbá," ó ní, "èmi ni mo mú ẹran yín. Ọtí ló wà lójú mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló ki òdòdó bọ̀ ọ́ létí. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mò ń sọ."

Ó fi ewé coca sábẹ́ òkúta, ó sọ̀ kalẹ̀.

Nieves ló di ipò adájọ́ omi mú lọ́dún náà. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá ilé ìwé, ó fa Toribia sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Gbọ́ mi o. Sọ pé ẹran náà lọ fara nu ibi tí láma rẹ ti ń sùn, irun sì lẹ̀ mọ́ ọn létí."

"Irun tó lẹ̀ mọ́ etí, tó sì ta kókó fúnra rẹ̀?"

"Kumare, bóo bá purọ́, màá gbà á. Èmi ni adájọ́, àbí?"

"Mo ti gbọ́," ni Toribia wí, ó lọ jókòó.

Celedonio sọ tẹnu rẹ̀, kò sì sọ àsọdùn. Fidel Tarque dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ní taruka ò tó nǹkan mọ́ ní gbogbo àgbáyé, ó ní òfin dáàbò bò ó, ìjọba ló ni ín.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," Celedonio ní. "Kí ìjọba gbé omi rẹ̀ wá nígbà náà."

Àgbàlá rẹ́rìn-ín. Nieves fi igi lu tábìlì. "Don Celedonio, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹran Mallku ni."

"Mo gbà. Ǹjẹ́ Mallku wà ní ìpàdé? Ẹ pe orúkọ rẹ̀ ká gbọ́." Ó dúró, ó fi ọwọ́ sétí. "Kò wá. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ìbéèrè mi ò gùn: òdòdó ta ló wà létí ẹran tó ṣáájú?"

Kò sí ẹni tó wo Toribia, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó mọ̀ pé òun ni gbogbo wọn ń wò. Ó dìde. Fìlà rẹ̀ fẹ́ bọ́, ó fi ọwọ́ kan dì í mú.

"Tèmi ni," ó ní.

Nieves fi ọwọ́ bojú.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o," ni Celedonio wí. "Ẹyin lohùn."

"Mo sọ ọ́. Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Ọjọ́ omi mi di tiyín láti òní títí di Kàníválì. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni tèmi." Ó mí kanlẹ̀. "Méje. Panqara ti lóyún. Mo rí akọ lẹ́yìn rẹ̀ lóṣù kẹfà."

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Don Celedonio?" Nieves béèrè.

"Mo gbà á." Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń wo ojú àwọn èèyàn kí wọ́n lè bá a yọ̀.

"Tó bá jẹ́ pé ẹ gbà á," ni Toribia wí, "ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ní Pachalla, ta ló ń dẹ ajá sí ẹran olódòdó?"

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó burú tó ìyẹn láàárín wa. Ẹni tó gba ìtanràn ẹran lọ́wọ́ olówó ti jẹ́wọ́ pé ẹran náà ní olówó. Ẹnì kan kọ́kọ́ fa ẹ̀rín láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín náà gba àgbàlá kan, Fidel Tarque sì ń pàtẹ́wọ́ títí ó fi rántí pé iṣẹ́ ìjọba lòun wá ṣe.

"Doña Toribia," Celedonio ní nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, "ìwo wà lórí ẹ̀yin náà."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò bomi rin oko. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àlífáfà Toribia pọ́n, ó rọ, ó kú. Ó fún ọmọ Nieves ní ogún láma kó bá a dà wọ́n lọ sí pápá òkè tó jìnnà, ogún tí kò mọ̀ bóyá òun á tún rí. Pòtétò nìkan ló ṣẹ́ kù fún un. Àràárọ̀ ló ń pọn kèrègbè oníke méjì láti odò wá sórí pèpéle pẹ̀lú aṣọ ìpọ̀n ọjọ́sí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, á rọ ọ́ sídìí pòtétò díẹ̀díẹ̀, á tún padà. Rosaura, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, pè é láti Arica.

"Màmá, wọ́n ní ẹ gbé omi yín fún èèyàn nítorí ẹran igbó."

"Ẹran ọ̀sìn ni."

"Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rọ omi wà nínú ilé."

"Ṣé òkè wà nínú ilé?" Ó pa fóònù. Ó ké díẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ẹ̀yìn ń ro ó gan-an.

Celedonio ń rí i. Oko rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà odò. Ojoojúmọ́ ló ń wà lórí ìjókòó níwájú oko láti kùtùkùtù, ó ní òun ń ṣọ́ àlífáfà. Ẹni tó bá ń ṣọ́ taruka láràárọ̀, kó ṣọ́ra rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ èyí tó ń tiro díẹ̀, tó mọ̀ pé ìyá àgbà kì í jẹun títí àwọn yòókù yóò fi bẹ̀rẹ̀, pé á dúró sórí ògiri, á kọjú sí ibi tí ajá ti lè wá. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ó tún kan ilẹ̀kùn Toribia. Ìwo taruka kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ka méjì, ó mọ́ tónítóní.

"Doña Toribia, akọ yín já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ sínú oko mi. Mo dá a padà."

"Àṣé ẹ ṣì ń bínú."

"Mo ń bínú gan-an. Ṣé irú èyí ò dùn ún tó bá ń já?"

"Kì í dùn ún. Òmíràn á hù kí òjò tó rọ̀."

Celedonio yí ìwo náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Orí mi ti pá láti ogún ọdún, kò sí ẹni tó sọ irú ìyẹn fún mi rí."

Toribia rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ẹ mú un lọ, Don Celedonio. Ẹ fi kọ́ ẹnu ọ̀nà yín."

"Ẹrù ẹlẹ́rù?"

"Mo ní kí ẹ mú un."

Ó mú un lọ. Ọjọ́ kejì la rí i lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì fi fìlà rẹ̀ kọ́ sí i.

Òjò padà ní oṣù kejì. Ó rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè, òkè tutù, ọkàn Toribia sì balẹ̀ títí di ọjọ́ mẹ́ta sí Kàníválì. Lọ́jọ́ náà ó ń ṣa igi ìdáná nítòsí àpáta, ló bá rí nǹkan pupa lórí ẹ̀ka igi. Òdòdó náà ni. Kókó rẹ̀ ò tú, irun ló jẹrà tó sì já. Ó mú un, ó jókòó sílẹ̀. Ó mọ ẹni tó já a. Mallku ti gba ẹran rẹ̀ padà, kò sì fi ìyà kankan kún un. Ara Toribia kọ́kọ́ fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù. Lẹ́yìn náà ló rántí Kàníválì.

Òfin Kàníválì ṣe kedere: bí ẹran olódòdó bá ṣì ń jẹ oko olóko, olówó rẹ̀ á tún fi omi san án títí di Kàníválì mìíràn. Ẹran tí òdòdó ò bá sí létí rẹ̀ lọ́jọ́ Kàníválì kò ní olówó. Kò sí olówó, kò sí ẹni tí yóò fi omi san án, òun á sì gba ọjọ́ omi rẹ̀ padà. Kò sí olówó, ajá lè lé e. Panqara kò sì ní jẹ́ kí ọwọ́ kankan tún dé etí rẹ̀ mọ́, ó ti dàgbà kọjá ìyẹn. Toribia fi òdòdó náà sí àyà, lábẹ́ aṣọ, kò sọ fún Nieves.

Lówùúrọ̀ Kàníválì, Nieves wá gẹ́gẹ́ bí adájọ́ láti fojú ara rẹ̀ rí etí Panqara. Àwọn mẹ́rin ló dúró sí etí oko Celedonio: Nieves, Toribia, Fidel tó ń wá kà wọ́n, àti Celedonio fúnra rẹ̀ pẹ̀lú fìlà tuntun. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan orí àpáta. Ìyá àgbà yọ, ó dúró, ó wò wọ́n pẹ́, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Panqara bọ́ síwájú. Ọmọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ga ju ìgò lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ dán òkúta wò kó tó tẹ̀ ẹ́.

"Méje," ni Fidel wí wúyẹ́wúyẹ́.

Panqara yí orí. Etí òsì rẹ̀ kọjú sí wọn gbangba. Ihò kan ló wà níbẹ̀, oòrùn sì gba inú rẹ̀ kọjá.

Toribia yíjú sí Nieves. Kò tíì purọ́ níwájú abúlé rí, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. "Nieves," ó ní, "mo ní ohun kan tí mo fẹ́..."

"Pupa àti ewé!" Celedonio ló ké e mọ́ ọn lẹ́nu. "Ó ń mì dirodiro. Ojú mi ò tíì dà o, láti ibí ni mo ti ń rí i."

Nieves wo etí ẹran. Ó wo Celedonio.

"Ohun kejì," Celedonio ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ le bí ẹni ń jà, "wọn ò wọ àlífáfà mi rárá láti ìgbà tí òjò ti rọ̀. Kí Doña Toribia gba ọjọ́ omi rẹ̀ padà. Mi ò fẹ́ ká máa sọ pé mo gba ohun tí kì í ṣe tèmi."

Lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì pèpéle àlífáfà ni wọ́n ti jẹ dé gbòǹgbò, ìgbẹ́ taruka sì wà lábẹ́ bàtà rẹ̀, ó ṣì ń rú èéfín.

"Fidel," Nieves ní, "ìwọ lo ní awò. Kí lo rí?"

Fidel bọ́ awò lọ́rùn, ó nù ún, ó wò ó, ó tún nù ún. "Ìrì bò ó, Doña Nieves. Ohun tí Don Celedonio bá rí ni mo rí."

Nieves wo Toribia. Ọ̀rẹ́ tí kì í fi ẹnu pamọ́ yẹn, ó pa á mọ́ lọ́jọ́ náà. "Pupa àti ewé," ó ní. "Mo ti rí i. Méjèèje ní olówó." Ó fa Fidel lọ́wọ́, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀.

Toribia ò lè kúrò lójú kan. Ọwọ́ rẹ̀ wà láyà, ó di aṣọ mú. Àwọn taruka ti wọ inú àlífáfà, ọmọ kékeré náà ń ti orí bọ abẹ́ ìyá rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi di àyà mú?" ni Celedonio béèrè láì wo ojú rẹ̀.

"Òtútù ni, Don Celedonio."

"Ẹ pa á mọ́ síbẹ̀ dáadáa," ó ní, "ká lè tún rí i ní Kàníválì tó ń bọ̀."